Àpótí Òdo Nílé Ẹyin Igando

Ọjọ́ Ajé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 1991

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Adéolú lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Igando. Bàbá ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà tí òun fi ń ṣètò ẹyin nílé ìpamọ òun, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin títí ọmọ adìyẹ á fi jáde, ti ń dágbére fáyé, pé bó bá kú báyìí, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lòun máa padà sí. Èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé lọ́dún Àjíǹde, ṣe ni mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé:

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Màá bá yín tún ètò náà kọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun kí ẹyin Kérésì tó wọlé."

Adéolú tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bàbá yọ awò ojú wọn.

"Ìyàwó wa, ṣé o mọ ohun tó wà nínú ètò yẹn?"

"Ètò ni, sà. Èyí tẹ́ ẹ kọ ní BASIC, èmi á kọ ọ́ ní C. Èdè kọ̀ǹpútà ló máa yí padà, ẹyin ò ní mọ̀."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní yàrá iwájú ilé ìpamọ, èyí tó kọjú sí títì, ti ṣófo láti ìgbà tí òun ti ṣíwọ́ oúnjẹ adìyẹ títà. Bí ètò mi bá mú ẹyin Kérésì, èyí tó máa di adìyẹ ọdún, dé èbúté láìgbàgbé ẹyọ tíréè kan, yàrá náà di tèmi, kí n gbé pátákó mi kọ́ síbẹ̀. Bó bá gbàgbé ẹyọ kan péré, òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ nínú ilé yẹn.

Mo ti ń rí pátákó náà lójú: OLÚTÓYÌN KỌ̀ǸPÚTÀ. Láti oṣù keje tí wọ́n ti dín wa kù níbi iṣẹ́ n'Íkẹjà, ohun kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ fún mi ni iṣẹ́ títẹ lẹ́tà fún lọ́yà kan ní Dopemu. Nòfẹ́ńbà ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mi ò lè sọ ọ́ síta: mi ò fẹ́ ẹ rárá.

Ọjọ́bọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ da ètò náà kọ. Kọ̀ǹpútà Bàbá ò ju bébà lẹ́tà méjì lọ ní fífẹ̀, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ló fi ṣe ojú, inú kásẹ́ẹ̀tì lọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, mo ń retí ariwo gbùrẹ̀gbùrẹ̀ tí irú ẹ̀ máa ń ṣe, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ orin ìyìn ní ohùn ìsàlẹ̀. Bàbá fúnra wọn ni. Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n fi ń dán ohùn wò fún ẹgbẹ́ akọrin.

"Yí i padà jàre," Bàbá wí, ojú ń tì wọ́n díẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ kejì lẹyin wà."

Ká sòótọ́, ètò náà wú mi lórí. Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ́nikẹ́ni ò kọ́, ló dá jókòó kọ irú nǹkan báyìí. Láràárọ̀ ló ń sọ tíréè tí wọ́n máa yẹ̀ wò níwájú iná, èyí tí wọ́n máa gbé kúrò ní yàrá ìsàba lọ sí yàrá ìpamọ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ jáde, àti ìgbà tí wọ́n máa wọ́n omi. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus tó ń tọ́jú ẹyin kì í fọwọ́ kan tíréè kankan tí ìwé tó ń tẹ̀ jáde ò bá dárúkọ.

Àìkú, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Adéolú, tíṣà ìtàn l'Ídìmù, ní kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe gan-an, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa bá mi bẹ bàbá òun tó bá dàrú. Ẹ gbọ́ ọkọ mi!

Mo ní kó wo ilé tí a háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá yìí. Lọ́dọ̀ Bàbá, gbogbo ayálégbé ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní ìlà, gbogbo bàtà wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì, gbogbo ìkòkò wọn wà ní ẹ̀kẹta. Bó o bá jẹ́ ẹnì kẹrin ní ìlà, bàtà kẹrin ni tìẹ, ìkòkò kẹrin ni tìẹ. Ọjọ́ tí bàtà kan bá sún, gbogbo ilé á wọ bàtà oníbàtà. Èmi, ní C, mo lè fún kálukú ní yàrá tirẹ̀, òun, bàtà rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún tíréè: ọjọ́ tó wọlé, irú ẹyin àti iye ẹyin, gbogbo rẹ̀ wà pa pọ̀ nínú àpótí kan.

"Ìyẹn ni pé o ti di lándílọ́ọ̀dù," Adéolú wí.

"Lándíléèdì."

"Ó dáa, màdáámú. Ìgbà wo lẹ máa kun ilé?"

Bó ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn títí a fi jẹun tán.

Ẹtì, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò látàárọ̀. Kò sí iná. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ìyá oníbúrẹ́dì ní kí n lọ bi ìyẹ̀fun.

Ìṣẹ́gun, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kọ̀ǹpútà tuntun (tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́) ti wà lórí tábìlì nínú yàrá iwájú. Mo kó ẹyin tó wà nílẹ̀ sínú ètò mi láti fi dán an wò. Ìwé jáde, ó ní tíréè kìíní ti pamọ lóṣù tó kọjá, pé tíréè kẹrìnlélógún wọlé lọ́dún 1900.

Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus gba ìwé náà, wọ́n kà á dáadáa.

"Ìyàwó, ẹyin ọdún 1900? Ìyẹn á ti di bàbá àgbà o."

Oókan ni Bàbá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpótí. Òdo ni C ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ, síbẹ̀ mo gbàgbé, kálukú sì wọ bàtà oníbàtà bí mo ṣe sọ fún Adéolú. Mo fa gbogbo ìlà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, tí tíréè kìíní fi bọ́ sínú àpótí òdo, mo wá ní kí ètò máa fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà kó tó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ó bọ́ sójú ọ̀nà! Mo dá jó nínú yàrá náà. Àwọn tó ń kọjá ní títì ń wò mí, kò kàn mí.

Àbámẹ́ta, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú ètò Bàbá tó ń yọ mí lẹ́nu. Béèyàn bá ní kí BASIC fún òun ní àpótí mẹ́rìnlélógún, bí onígàrí tó mọ ọjà tà ló ṣe ń ṣe, á fi ẹyọ kan ṣe èènì. Àpótí òdo ni èènì ọ̀hún. Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni Bàbá kọ ìlà kan sí tó ń ṣe nǹkan sí àpótí òdo. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo gbà pé ohun tí wọ́n fi dánra wò nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ni. Síbẹ̀ mo ṣọ́ra, mo lọ bèèrè.

"Bàbá, tíréè mélòó gan-an la máa kó wọlé?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Kò lé kankan, sà?"

"Mẹ́rìnlélógún ni mo sọ."

Màmá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè, wọ́n tún padà sórí ẹ̀wà wọn. Mo pa ìlà náà rẹ́. Ètò mi wá mọ́ tónítóní báyìí.

Ìṣẹ́gun, 8 Òkìtóbà

Ẹyin Kérésì ti ń wọlé! Tíréè mẹ́jọ lónìí, mẹ́jọ lọ́jọ́bọ̀, mẹ́jọ tó kù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá gbàdúrà, ó gùn díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus kì í jẹ́ kẹ́lòmíràn wọ yàrá ìsàba lọ́jọ́ tí ẹyin bá ń wọlé, nítorí náà wọ́n ń pe nọ́ńbà láti inú, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà níta níbí. A ń pe ara wa bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti dírẹ́bà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Ẹtì, 11 Òkìtóbà

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú láàárọ̀ yìí. Ó rú èéfín díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ṣú. Bàbá ṣí fìlà.

"Ó ṣiṣẹ́," wọ́n wí. "Kó máa sinmi."

Èmi àti Adéolú ò gbọdọ̀ wojú ara wa kí ẹ̀rín má bàa pa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé lẹ̀rù wá bà mí. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá tèmi jiyàn mọ́. Ẹyin ti wà nínú ẹ̀rọ, ètò mi nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 19 Òkìtóbà

Ìwé mi ní ká yẹ àwọn tíréè àkọ́kọ́ wò. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus pè mí kí n wá wo ẹyọ kan. Wọ́n gbé ẹyin kan síwájú iná, mo rí iṣan pupa wẹ́wẹ́, àti ohun kékeré kan láàárín rẹ̀ tó ń mì tìtì. Omi bọ́ lójú mi, n ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ti bàjẹ́ fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ lé mi jáde, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo bì sí.

Màmá bu omi fún mi. Wọ́n wò mí láti orí délẹ̀.

"Kí ló ń wù ọ́ jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Àgbálùmọ̀, mà."

"Lóṣù kẹwàá?"

Wọ́n bá ń kọrin lábẹ́ ẹnu wọlé lọ.

Àbámẹ́ta, 26 Òkìtóbà

Láàárọ̀ yìí ìwé mi pàṣẹ pé kí wọ́n gbé tíréè kìíní dé ìkẹjọ lọ sí yàrá ìpamọ. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé gbogbo wọn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Wọn ò rí àṣìṣe kankan. Tóyìn, o kú iṣẹ́!

Ọjọ́ Ajé, 28 Òkìtóbà

Mi ò lè dúró kí ilẹ̀ ṣú kí n tó kọ èyí.

Òní ló yẹ kí wọ́n gbé tíréè mẹ́jọ kejì. Bí mo ṣe dé Igando, mo bá Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìsàba, wọ́n fìka lé ètè.

"Tẹ́tí."

Mo tẹ́tí. Ohùn kan tínńrín ni: sín-ín, sín-ín. Ohùn ọmọ adìyẹ. Kò sí wàhálà tó bá jẹ́ yàrá ìpamọ ló ti wá, ṣùgbọ́n inú yàrá ìsàba ni, níbi tí ẹyin kankan ò ti yẹ kó sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́rú.

Èrò kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: mo ti sún gbogbo ilé ní ẹsẹ̀ kan. Tíréè tí kò yẹ ká gbé la gbé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó yẹ ká gbé ló ń ké yẹn, ẹ̀rọ ìsàba, tí kì í yé yí ẹyin, á sì yí wọn dànù bí wọ́n bá jáde síbẹ̀. Mo sáré débi kọ̀ǹpútà, mo tẹ gbogbo ìwé jáde. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus ń pe nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára tíréè, èmi ń wò ó nínú ìwé. Ìkẹsàn-án, ó bá ìwé mu. Ìkẹwàá, ó bá a mu. A kà á dé ìkẹrìnlélógún. Gbogbo wọn pé, ọjọ́ wọn sì pé.

"Ta ló wá ń ké?" mo bi wọ́n.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fa tíréè kan jáde nísàlẹ̀ pátápátá. Kò ní nọ́ńbà. Wọ́n kàn so àjákù aṣọ funfun mọ́ ọn létí.

"Háà, èyí ni ṣá. Ọjọ́ kan náà ló bá àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ wọlé. Ìwé àtijọ́ máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé TI ILÉ. Nígbà tí mi ò rí i nínú tìrẹ lọ́jọ́ Sátidé, mo rò pé Bàbá ti ṣètò rẹ̀ lọ́tọ̀ ni."

Àpótí òdo. Ìlà tí mo pa rẹ́ nítorí kí ètò mi lè mọ́ tónítóní. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá bá wa.

"Tèmi ni," wọ́n wí. "Kí ló ń ṣe níbí di òní?"

Mo ṣàlàyé. Màmá ò bínú. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé ìpamọ sílẹ̀, tíréè tó bá kọ́kọ́ wọlé kì í ṣe tọjà. Wọ́n máa ń mú nínú rẹ̀ fún Ìkórè, fún opó tó wà ládùúgbò, fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé gbé.

"Ohun téèyàn bá ti yà sọ́tọ̀ fún ẹlòmíì, a kì í kà á mọ́ tẹni," wọ́n wí. "Bàbá yín ò ní pe nọ́ńbà fún un láé. O ò bá bèèrè lọ́wọ́ mi, jàre."

Mo bèèrè. Iye ni mo bèèrè, wọ́n sì dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe ń kà á.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé tíréè náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ìyá ìkókó. Ẹyin méjì ti sán lára. Nígbà tí ó wọ yàrá ìpamọ tán, mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn. Mi ò jókòó.

"Bàbá, ètò mi gbàgbé tíréè kan."

"Èwo?"

"Èyí tí kò ní nọ́ńbà, sà."

Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó ká a tán.

"Tíréè mélòó ni mo sọ fún ọ?"

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

"Nínú mẹ́rìnlélógún yẹn, èwo lo gbàgbé?"

"Kò sí, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ohun tí mi ò kà mọ́ ọjà, báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

"Èmi kà á o!" Màmá pariwo láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Kó dá tèmi padà sínú ìwé yẹn, kíá!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín náà nìyẹn, láti ìsàlẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n má tíì yọ̀, ká wo ohun tó máa jáde ná.

Ìṣẹ́gun, 29 Òkìtóbà

Wọ́n ti jáde! Tíréè Màmá ló kọ́kọ́ ṣí, ọmọ kan tó tutù rinrin, ó jókòó lórí èèpo ẹyin rẹ̀ bí ẹni tó ń sinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, gbogbo yàrá ń ké. Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus ń ṣa ọmọ sínú páálí, wọ́n ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan káàbọ̀. Àwọn tó kú lára tíréè Màmá ò ju díẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 2 Nòfẹ́ńbà

Tíréè mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn náà ti pamọ. Àwọn oníbàárà wá láti Ìkọ̀tún, láti Command, wọ́n ń gbé páálí wọ mọ́tò. Bàbá pè mí síta lójú gbogbo wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú lé mi lọ́wọ́, wọn ò sọ ju "Gba" lọ. Adéolú ti lọ bá kápẹ́ńtà nídìí pátákó. Lẹ́tà mi sí lọ́yà ní Dopemu kò ju ìlà méjì lọ: mo dúpẹ́, mi ò ní lè wá.

Àìkú, 3 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó sí yàrá mi (yàrá mi!), mo dá ìlà àpótí òdo padà. Mo ní láti sún gbogbo tíréè síwájú ní ẹsẹ̀ kan, kí kálukú bọ́ sí nọ́ńbà tirẹ̀, kí àpótí òdo lè ṣófo fún onílé rẹ̀. Ètò náà á máa gbé e, á máa yẹ̀ ẹ́ wò, á máa wọ́n omi sí i bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kò ní kà á mọ́ wọn, kò sì ní fún un ní nọ́ńbà. TI ILÉ nìkan ni yóò máa kọ. Bàbá wá wò ó lẹ́yìn èjìká mi, wọ́n mi orí.

Màmá kó ọmọ adìyẹ díẹ̀ fún wa sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé gbé. Bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bò ó, wọ́n rọra bi mí bóyá mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún wọn.

"Kò tíì sí, mà," mo wí, mi ò sì lè wojú wọn.

"Kò burú. A ò ní tíì kà á."

Adéolú ń bi mí láti Igando dé Ẹ̀gbẹ́dá pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ adìyẹ ń ké lórí itan rẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọ̀la ni màá lọ rí dókítà ní Ìkọ̀tún, tí mo bá dé ni màá sọ fún un. Títí dìgbà náà, àpótí òdo ló wà.